Àtẹ́wọ́ Tí Kò Jẹ́ Kí Ó Kà Á Tán

Ọkọ mi kò fẹ́ràn àmì ohùn. Tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi sì ni láti kọ́ ọmọdé pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni àárín, mí ni òkè. Òun ní tirẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni, eré bọ́ọ̀lù ló sì máa ń ròyìn. Bí mo bá jókòó ti ìwé àwọn ọmọ, tí mò ń fi bírò pupa tún àmì wọn ṣe, á ní, "Tíṣà, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Ẹnu mọ ibi tó ń lọ." Mo máa ń dá a lóhùn pé ẹnu tirẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Òótọ́ sì ni, ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, àwọn àgbẹ̀ á so rédíò kọ́ ẹ̀ka igi kajú lóko, wọ́n á máa kọ ebè, wọ́n á sì máa gbọ́ ọ. Kì í pe pẹ́nátì ní pẹ́nátì, gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé ló ń pè é. Aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù bá ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá, á ní bàbá náà gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹnu ọkọ mi ni mo fẹ́ràn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá láwọn ìlú wa wọ̀nyí, Ìpàpó, Kòmù, Àgọ́-Àmọ̀dù, àwọn ibi tí ọ̀dọ́ ti ń ti oko iṣu bọ́ sí pápá tààrà, tí màlúù á sì gba àárín pápá kọjá kí eré tó tún máa lọ. Ó ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́, mo sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Kò bá mi jà lọ́tẹ̀ yìí. Àsìkò ọyẹ́ ni ìwé náà jáde, kí ọyẹ́ náà sì tó ká kúrò nílẹ̀, ẹ̀gbà dá ọkọ mi dùbúlẹ̀.

Ẹ̀gbà náà mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bà jẹ́ jù ni ohùn. Ó padà ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde, àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dún. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Yorùbá tí kò bá lóhùn, kí ló kù nínú rẹ̀? Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa wá kí i. Ọkọ mi ní kí n gbé agbọ̀n tó wà lẹ́yìn àlejò kúrò kó lè rí ibi fara tì. Ọkùnrin náà fò dìde, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀ yẹbẹyẹbẹ, ó rò pé agbọ́n ló fẹ́ ta òun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó kọjú sí ògiri, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n kò rí i kó sunkún rí.

Inú àìlera yìí la wà tí wọ́n fi pè wá láti Àbújá. Ẹni tó tẹ ìwé náà fún wa ti fi ránṣẹ́, láìsọ fún wa, fún àmì-ẹ̀yẹ kan tí wọ́n ń fún ìwé tó bá dá lórí eré ìdárayá ní gbogbo Nàìjíríà. Ìwé mẹ́ta ló kù, tiwa sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan yóò ka ojú ewé kan sétí àwọn èèyàn. Mo ṣàlàyé bí ara ọkọ mi ṣe rí fún obìnrin tó pè. Ó kẹ́dùn, ó ní kò burú, èmi tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lè bá a kà á. Ọkọ mi tó ń gbọ́ wa mirí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni n ó kà á," ló wí. "N ó sì kà á tán."

N kò bá a jiyàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bùn ló ń wá. Ó fẹ́ kí èèyàn tún gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ojú ewé tó mú ni ti ọjọ́ tí Ìpàpó àti Kòmù pàdé ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Wọ́n fún Kòmù ní gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò gbá a sì rèé, àbúrò aṣọ́lé Ìpàpó gan-an ló ń fẹ́ sọ́nà. Aṣọ́lé nawọ́ sí i látojú ilé, ó ní bí bọ́ọ̀lù yìí bá wọlé, kó má dé ilé àwọn mọ́. Ọmọkùnrin náà gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó rìn lọ bá àna rẹ̀ lójú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó padà sẹ́yìn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọ igun àwọ̀n. Aṣọ́lé náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ojú ewé náà parí sí.

Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń kọ́ ọkọ mi bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Mo gbé ọwọ́ sókè fún mí, mo sọ ọ́ kalẹ̀ fún dò, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Inú mi máa ń tètè ru, mo máa ń jágbe mọ́ ọn nígbà mìíràn, òun á sì ní, "Tíṣà, má nà mí o." Lèmọ́mù àdúgbò wa tó máa ń gba iwájú ilé kọjá á bá wa dá sí i, á ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọ̀rọ̀ tó le jù fún un ni àna. Kò sí bó ṣe fẹ́ pè é, àná ló ń dà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa tó àkókò ìrìn-àjò, ó pè é bó ṣe yẹ, ó tún un pè, a jọ ń wo ara wa bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Ó lè ka ojú ewé náà já. Kò yára, àmọ́ èèyàn á gbọ́ ọ.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe é tóbi, ó tutù. Wọ́n ti pín ìtumọ̀ ohun tí ọkọ mi fẹ́ kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé fún olúkúlùkù. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kà tiwọn tán, ó kan òun. Wọ́n gbé àga fún un, ó ní òun ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo wà níjòkòó, ọwọ́ mi wà lórí itan mi, mò ń gbé e sókè, mò ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì lè rí mi. Ó ń lọ dáadáa. Ó dé ibi tí ọmọkùnrin náà fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó ń rìn lọ bá àna rẹ̀. Ó pè é ní àná.

Etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó dúró, ó padà sí i. Àná. Ó tún padà. Mo mọ ohun tó ń ṣe, ó ń tún un ṣe ni. Ní ti àwọn èrò gbọ̀ngàn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti há a lẹ́nu. Bàbá kan tó jókòó níwájú bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde tẹ̀ lé e. Ọkọ mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni, àtẹ́wọ́ náà tún wá le sí i. Olóòtú ètò dì mọ́ ọn, ó rọra gbé gbohùngbohùn kúrò níwájú rẹ̀. Mo ń wo ẹnu ọkọ mi, ó ṣì ń mì.

Akólòlò á pe baba lóòótọ́, àmọ́ a ní láti jẹ́ kó pè é. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n rí i pé kò tíì tán. Inú bí mi, n kò sì rí ẹni tí n ó bínú sí. Kò sí ẹni burúkú kankan níbẹ̀. Àánú ló ṣe wọ́n.

Ìwé kan tó dá lórí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ló gba àmì-ẹ̀yẹ náà. A gba Ìlọrin padà, a já sí Ìgbòho, a wọ Ṣakí. Nílé, àwọn èèyàn ń wá bá wa kẹ́dùn pé a kò gba ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, wọ́n á fa fóònù yọ, wọ́n á fi hàn wá nínú fídíò bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe dìde fún un, wọ́n á ní ẹ̀yẹ yìí ju ẹ̀bùn lọ. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo, ṣùgbọ́n àlejò kọ̀ọ̀kan ló ń gbé fóònù tirẹ̀ wá. Ọkọ mi á bá wọn wò ó, á mirí, á sì fi ọwọ́ dúpẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ àlejò dínkù, mo gbé ìwé náà jáde lẹ́yìn àsùbáà, mo ṣí i síbi tí wọ́n ti dá a dúró, mo gbé ọwọ́ mi sókè. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ó ku díẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì pa ìwé náà dé.

"Àìsàn mi ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún," ló wí. "Wọn ò gbọ́ mi."

Ó lọ́ra sọ ọ́, bó ṣe máa ń lọ́ra, àmọ́ òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohùn kan kò yẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. N kò rí nǹkan kan tún ṣe níbẹ̀.