Fàtíhà Tí Wọ́n Fẹ́ Sínú Kámẹ́rà

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé fóònù dára ju kámẹ́rà àtijọ́ lọ, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Fóònù ló kó ìyá mi sí ìtìjú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn ló ya màámi lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ti sùn lọ lórí àga, ẹnu wọn gbẹ, ìborùn wọn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ń fi màmá òun yangàn. Kò pẹ́ tí àwọn aláìnítìjú kan tí a ò mọ̀ rí fi jí fọ́tò náà gbé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kíndìnrín ìyá yìí ti bàjẹ́, kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú fi owó ránṣẹ́. Àwa ò mọ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá tí àwọn àti màámi jọ ń ta aṣọ wá láti Òwu, tí wọ́n ru ọsàn àti ẹkún wọlé, la tó mọ̀. Wọ́n bá màámi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń bá oníbàárà kan jà lórí ọ̀pá aṣọ, ara wọn le koko.

"Wọ́n fi ojú mi ṣagbe," ni gbogbo ohun tí màámi sọ. Obìnrin tó fi aṣọ títà kọ́lé, tó fi rán gbogbo wa níwèé, tí kò tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò rí.

Látọjọ́ náà, ẹni tó bá na fóònù sí wọn, ìborùn ni wọ́n máa fi bojú. Àwọn fọ́tò wọn ti àtijọ́ ńkọ́? Òjò ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé wa. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ayé yìí, fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní ni èyí tí àwọn olè fi ń ṣagbe. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ìyẹn náà la ó máa fi rántí wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń ta mí nínú bí ata. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Níkẹyìn wọ́n ní, "Bí o bá rí irú èyí tí wọ́n fi ń yà wá láyé ọjọ́un, tí fọ́tò ẹ̀ kì í fò kiri, màá jókòó fún ẹ."

Ọjà Lafẹ́nwá ni mo ti rí kámẹ́rà náà, láàárín àwọn fáànù àti áyọ́ọ̀nù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á búra pé kò sóhun tó ṣe é, pé bátìrì lásán ni kò sí nínú ẹ̀. Irọ́ ni. Bátìrì wà nínú ẹ̀, ó ti jẹrà síbẹ̀ ni. Nígbà tí mo délé tí mo fi etí ṣíbí yí ìdérí ìdí ẹ̀, ìpẹtà tó rí bí iyọ̀ ló kún ibẹ̀ bámú. Irú bátìrì yẹn, wọn ò sì ṣe é mọ́ níbikíbi, nítorí májèlé tó wà nínú ẹ̀. Mo dé Sápọ́n, mo dé Pánṣẹ́kẹ́. Gbogbo ẹni tí mo fi kámẹ́rà hàn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àkókù. Òmíràn na fóònù tirẹ̀ sí mi: "Ṣebí fọ́tò náà lẹ fẹ́ yà, àǹtí?" Díẹ̀ ló kù kí n la kámẹ́rà náà mọ́ ọn lórí.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà tó bà wá lórúkọ jẹ́ ni mo ti kà á pé bátìrì aago ọwọ́ lè rọ́pò ẹ̀, bí èèyàn bá lè wá nǹkan há a mọ́bẹ̀. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìpẹtà náà, mo fi sáńpépà ha irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ títí ó fi dán. Bátìrì aago kéré ju ihò lọ. Ni mo bá lọ ṣa bébà dídán inú páálí sìgá tí aládùúgbò wa ń jù sílẹ̀, mo wé e mọ́ bátìrì náà lára. Èmi tí mo ń bú ọkùnrin yẹn lójoojúmọ́ nítorí èéfín, èmi náà ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ń ṣa ìdọ̀tí ẹ̀. Mo yọjú wo inú kámẹ́rà: abẹ́rẹ́ kékeré tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn gbọ̀n, ó sì gbéra. Mo pariwo, "Alihamudulilai!"

Mo ki fíìmù bọ̀ ọ́. Mo ya ògiri, mo ya dúrọ́ọ̀mù omi, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni màámi ti yọ sí mi láti ẹ̀yìnkùlé, ìró iṣẹ́ ni wọ́n ró.

"Ṣé mo ti ní kí o yà mí? Ṣé oríta lojú mi ni, tí gbogbo ayé ń gbabẹ̀ kọjá?"

Ìka wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lójú. Jìnnìjìnnì ló jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì.

Ní Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn fúnra wọn ló pè mí. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, wọ́n wọ aṣọ òfì tí mi ò rí lára wọn láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wo kámẹ́rà náà lójú, mo sì ń yà wọ́n. Wọ́n ní kí n fi ìwọ̀nba tó kù nínú fíìmù de ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí àwọn méjèèjì lè jọ yà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Ewékorò. Kò sí ohun tó wọ ilé wa, ì báà jẹ́ tuntun tàbí tòkunbọ̀, tí kì í gbàdúrà sí, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí i kí àdúrà lè wọnú. Bó ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ló ń ṣí fìríìjì. Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, eruku sìmẹ́ńtì lára ẹ̀, mo lọ bu omi fún un. "Bisimilai" ni mo gbọ́ láti kíṣìn. Kí n tó sáré dé pálọ̀, ó ti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà gbayawu lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti ka Fàtíhà tán, ó wá ń fẹ́ ẹ sínú ẹ̀, fúù, fúù, fúù. Màámi ń ṣe àmín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti jó gbogbo ẹ̀!"

"Kí ni mo jó? Àdúrà ni mo ṣe."

"Ìmọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kan fíìmù!"

"Ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run ló wá di ohun búburú?"

Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń bá àdúrà jà? Olè tó jí fọ́tò, mo lè ṣépè fún un. Ẹni tó fi Fàtíhà ba fọ́tò ìyá mi jẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀, nítorí mo gbóhùn sókè sí ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀. Ẹnu mi ló bẹ̀bẹ̀, inú mi ò sí níbẹ̀. Màámi bọ́ òfì wọn, wọ́n ká a sínú àpótí, wọ́n ní àwọn ò tún jókòó fún kámẹ́rà kankan mọ́, bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ ni.

Mo ṣáà gbé fíìmù náà lọ sí Èkó, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ṣì ń fọ irú ẹ̀. Gbogbo òfì, gbogbo tìróò ti di funfun báláú. Àwọn tí mo kọ́kọ́ yà nìkan ló yè, nítorí ìyókù ti wé mọ́ wọn lórí: ògiri, dúrọ́ọ̀mù, àti màámi nínú ìró iṣẹ́, ẹnu wọn là, ojú wọn le, ìka wọn nà sí mi. Etí kan lára fọ́tò náà pọ́n bí ẹni pé iná ń jó o bọ̀.

Ojú tì mí láti fi hàn wọ́n. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n wò ó títí. Mo ń retí èébú.

"Inú ń bí mi níbí," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

"Inú ń bí mi gan-an ni."

Wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́. "Lọ fi gíláàsì sí i, kí o gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kí n wá rí olè tó máa fi eléyìí ṣagbe."