Garawa Ìdalẹ̀nù inú Fóònù Ìyá Samsudeen

Àwáwù, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí mọ̀ sí Ìyá Samsudeen, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù tètè máa ń bà. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀rí mi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn. Èkíní, òun nìkan ló máa ń wọ igbó lọ ṣa èso emi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí àwọn obìnrin yòókù tó ń ṣe òrí bíi tirẹ̀ ṣì ń dúró de ara wọn. Èkejì, ó pa ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sì jẹ́ kí òrí tó wà lórí iná jóná. Ẹ̀kẹta, nígbà tí màlúù mẹ́sàn-án já wọ inú ọgbà ilé-ìwé wa, òun tó kàn wá ta òrí ló fi igi lé wọn jáde. Àwa olùkọ́ ọkùnrin mẹ́fà wà lórí tábìlì nígbà náà, mo sì wà lára wọn.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá, mo rí obìnrin yìí lẹ́nu ọ̀nà mi, tó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù rẹ̀ mú, tí kò sì rántí wọ bàtà.

Samsudeen ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Iṣẹ́ jóòdà ló kọ́, ó sì mọ irin jó pọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí ló fi ilé sílẹ̀, tó gba aginjù lọ sí Líbíà. Kí ó tó lọ, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta péré: bí a ṣe ń tan fóònù, bí a ṣe ń gbọ́ ohùn tí ènìyàn fi ránṣẹ́, àti bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ padà. Kò kọ́ ọ ní bí a ṣe ń pa nǹkan rẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni ohùn Samsudeen máa ń wọlé. Ó máa ń kí ìyá rẹ̀, á bèèrè òrí, á ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Nígbà tó yá, ohùn náà kò wọlé mọ́. Bí ìyá bá pè, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. Àwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú fa ìlà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ sára ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Mo fúnra mi ka àwọn ìlà náà. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n.

Ní ọjọ́ tí ìlà pé mọ́kànlélógójì yìí ni fóònù dún, bí wọ́n ṣe kírun Àlàásárì tán. Nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè kan tí kò mọ̀ rí ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ohùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjìléláàádọ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gbọ́ ọ. Fóònù kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń jáde, òun ló sì gbé wá bá mi.

Mo kà á fún un: "Ó ní ààyè kò sí mọ́. Fóònù ti kún. Ẹ ní láti pa nǹkan rẹ́ kí ohùn yìí tó lè wọlé."

"Tíṣà, ta ló wà nínú ohùn náà?"

"Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ àfi kí ó wọlé."

"Kì í ṣe nọ́ńbà ọmọ mi. Nígbà wo ni àlejò máa ń wá ìyá ènìyàn kàn?"

Mo mọ ìdáhùn tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ Mọ́ládé, obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìtòsí ọjà. Mo kọ́ Mọ́ládé ní ìṣirò ní ọdún kẹfà tó lò lọ́dọ̀ wa, kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan.

Mọ́ládé yẹ fóònù náà wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá, ta ló ń fi gbogbo ìwọ̀nyí ránṣẹ́ sí yín?"

"Àwọn ènìyàn Ọlọ́run ni."

"Àwọn ènìyàn Ọlọ́run ti jẹ fóònù yín tán."

Bí ó ti ń ka ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé. Fọ́tò ìkíni Jímọ̀ tí a kọ àyọkà Kùráánì sí lára, ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́rìndínlógún. Fídíò wáàsì, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Fídíò ìsọmọlórúkọ àti ti ìgbéyàwó, mọ́kànlélógún. Fọ́tò ewúrẹ́ dúdú kan tí kò ṣe ohunkóhun tó yàtọ̀, mọ́kànlá. Fọ́tò ilẹ̀ lásán tí ìka ṣèèṣì yà, ogójì. Fọ́tò ìwé tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, mẹ́rin. Ohùn Samsudeen, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ti Jímọ̀ àti wáàsì ló wúwo jù," ni Mọ́ládé wí. "Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n rẹ́ kíá." Ó gbé ìka sórí àwòrán kékeré kan ní ìsàlẹ̀ fóònù.

Àwáwù tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Kí lèyí?"

"Garawa ìdalẹ̀nù ni. Ibẹ̀ ni nǹkan tí a kò fẹ́ mọ́ ń lọ."

Àwáwù gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, kì í ṣe ti ìbínú. "Mọ́ládé, bí ọkọ mi bá rí ewé Kùráánì tó ya, á bẹ̀rẹ̀ ṣà á, á fi aṣọ funfun wé e, á sì sin ín síbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò ní tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe. O wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sínú garawa ilẹ̀, lọ́jọ́ tí mò ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dá ọmọ mi sí?"

Mọ́ládé wò mí. Ó na ọwọ́ gba fóònù náà padà.

"Ó dáa, Ìyá. Kí ni kí a dà nù?"

"Èyí tí kò ní orúkọ Ọlọ́run lára."

Ewúrẹ́ lọ. Ilẹ̀ lásán lọ. Àwọn ìyàwó àti ọkọ ìyàwó lọ pẹ̀lú ijó wọn. Nígbà tó kan fọ́tò ìwé mẹ́rin yẹn, Mọ́ládé dúró díẹ̀. "Ìwé wo lèyí?"

"Ṣé kéwú wà lára rẹ̀?"

"Rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò mọ́lẹ̀."

"Dà á nù."

Mo jókòó síbẹ̀. Awò ojú mi wà nínú àpò mi. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún ọmọ ènìyàn pé kí wọ́n ka ìbéèrè kí wọ́n tó dáhùn, ṣùgbọ́n n kò na ọwọ́ kí n ní kí wọ́n gbé e wá kí n kà á.

Mọ́ládé tún tẹ ohùn náà. Fóònù kọ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tí a pa rẹ́ kò tíì kúrò, pé ó ṣì wà nínú garawa, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó lọ fúnra rẹ̀. "Àfi kí a da garawa náà nù pátápátá báyìí. Bí a bá ti dà á, kò sí àbọ̀. Kódà, mi ò rò pé á tó."

Ó ti gbé ìka sókè nígbà tí Àwáwù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dúró. Ohun tí kò ní àbọ̀ ni ò ń sọ yẹn. Mi ò ní tẹ ohun kankan mọ́ títí mo fi máa rí Ààfáà."

Mọ́ládé ti ìsọ̀ rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ. Oòrùn ti ń wọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Àwáwù di fóònù náà mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ààfáà Ismaheel ló ń kọ́ni ní ilé-kéwú ẹ̀yìn mọ́sálásí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi omi fọ wàláà wọn, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà dé òpin láìdá sí i.

"Ìyá Samsudeen, kí ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún yẹn?"

"Wọ́n ń fọ wàláà."

"Kí ló wà lára wàláà?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

"Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, níbo ni wọn yóò kọ ti ọ̀la sí?" Ó tọ́ka sí fóònù. "Wàláà nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń jù ú sórí ààtàn. Ẹ fọ̀ ọ́."

"Ààfáà, bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ó wà lọ́rùn mi. Alaalẹ́ ni mò ń fọ tèmi. Púpọ̀ nínú èyí tó kún ọwọ́ yín yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín kí n tó pa á rẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi òun. Àwáwù ṣe àlùwàlá, ó jókòó sórí ẹní, ó pe Bísímílà, ó sì ní kí Mọ́ládé fi ibi tí òun yóò tẹ̀ han òun. Inú Wọ́sáàpù gan-an ni wọ́n ti pa wọ́n rẹ́, níbi tí nǹkan kì í ti í gba inú garawa kọjá. Ìkíni Jímọ̀ lọ, wáàsì lọ. Ọfà kékeré tó wà lára ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó sì dúró. Ó ti wọlé.

Àwáwù kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ ohùn ẹlòmíràn ló jáde, ẹ má jẹ́ kí ó parí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ariwo afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohùn kan tó ti há.

"Màámi, èmi ni. Wọ́n gba fóònù wa, wọ́n gba ìwé wa, inú àhámọ́ ni wọ́n kó wa sí. Ara mi le. Àwọn tó ń dá ènìyàn padà sílé ti dé síbí, wọ́n ń kọ orúkọ, wọn ò ní gba ẹni tí kò bá ní ìwé. Mo ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi àti ìwé ìbí mi sórí fóònù yẹn kí n tó gbé e fún yín. Mẹ́rin ni. Ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí. Aago mẹ́jọ alẹ́ òní, aago ti ilé wa, ni wọ́n máa parí orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú ogójì ni aago ọwọ́ mi wí.

"Mẹ́rin," ni Àwáwù wí. Kò pariwo. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo dá ewé kéwú sí, mo sì da ọmọ mi nù."

Mọ́ládé kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá, ẹ gbọ́. Ẹ ò jẹ́ kí n da garawa nù. Ẹ di ọwọ́ mi mú."

Ó ṣí garawa náà. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, láàárín ewúrẹ́ dúdú àti ìyàwó kan tó ń jó. Bọ́tìnì méjì ló wà ní ìsàlẹ̀: ọ̀kan ń dá nǹkan padà, èkejì ń pa á rẹ́ títí láé, àárín wọn kò sì ju ìbú ìka kan lọ. Mọ́ládé nu ìka rẹ̀ sára aṣọ. Mo wọ awò ojú mi, mo ka bọ́tìnì méjèèjì sókè kí ó tó tẹ̀ ẹ́, mo sì tún wọn kà.

Ìwé padà. Mọ́ládé fi í ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló yọ lára rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kò tíì dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n pe ìrun Màgàríbì, Ààfáà ló síwájú. A kírun, a padà sídìí fóònù. Àmì ṣì jẹ́ ọ̀kan. A gòkè lọ sẹ́bàá àpáta nítorí nẹ́tíwọ̀kì, àmì kan. Aago méje kọjá, ó lé ní ìdajì. Àwáwù ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago mẹ́jọ lù, àmì di méjì. Kò pẹ́ ni ohùn mìíràn wọlé, tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ.

"Wọ́n ti kọ orúkọ mi."

Àwáwù gbọ́ ọ nígbà mẹ́tàdínlógún kí a tó délé. Mo kà á.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn náà ni Samsudeen sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan àti bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti padà sídìí irin jíjó. Ìlà mọ́kànlélógójì ṣì wà lára ògiri ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kùn ún.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìkíni Jímọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, Àwáwù máa ń ṣe àlùwàlá, á sì fọ fóònù rẹ̀. Kì í da garawa nù, ó ń jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì kan fọ́tò ìwé tó ní Gẹ̀ẹ́sì lára, èmi ló ń gbé e wá bá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò ara àpò ajílẹ̀ ni. Mo kà á fún un láti orí dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti bí ó ti wúwo tó.

"Ṣé ẹ ti kà á tán, Tíṣà?"

Mo ní mo ti kà á tán.

"Ẹ tún un kà."