Màmá Mú-Mi-Rìn-Ín ti Ìdímù

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi tó gbogbo ayé létí, kó má di pé ẹnìkan lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: Ìyáàfin Sàúdátù Ọládòṣù kì í jẹ ẹ̀pà láìkọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n létí. Ìbáà ṣe ẹ̀pà yíyan, ìbáà ṣe ẹ̀pà sísè tí kò tilẹ̀ lè dún, yóò gbé e sétí ọ̀tún, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò mi orí bí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ tán, kó tó fọ́ ọ. Hàrúnà ọkọ rẹ̀ ti bi í léèrè títí, ohun tí ẹ̀pà ń sọ fún un. Kò rí èsì gbà. A ti ròyìn rẹ̀ báyìí o, ẹ jẹ́ kí á máa bá ọ̀nà wa lọ.

Ọmọ Ìgàndo ni, ọmọ onílẹ̀. Bàbá Ṣàíbù tó bí i lọ́mọ ta ilẹ̀ púpọ̀ láyé rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó di ẹjọ́ ní kóòtù. Àwọn lọ́yà àdúgbò kò dárí ìyẹn jì í títí wọ́n fi sin ín. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni bàbá náà ní. Bí ó bá ti mú oníbàárà yí ilẹ̀ ká, láti ìdí pèrègún kan dé ìdí pèrègún kejì, kò ní bi í pé, "Ṣé o ti mọ ààlà rẹ?" Ta ni a máa bi bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Ńṣe ni yóò wá kùkùté kan jókòó sí, yóò ní, "Ó dáa. Ó kù ọ́. Mú mi rìn ín."

Oníbàárà á gbéra pẹ̀lú ọ̀yàyà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi wọ oko olóko.

"Ọ̀gbẹ́ni, padà wá o! Orí ilẹ̀ àna mi lo kọ́ yàrá rẹ sí yẹn!"

Wọn á tún un rìn, wọn á tún un rìn, títí oníbàárà yóò fi lè mú bàbá lọ, tí yóò mú un bọ̀, láìṣi ẹsẹ̀ gbé. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ṣàíbù tó ń gbà pé ilẹ̀ ti tà. Sàúdátù kékeré ló máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Yunifásítì tó lọ lẹ́yìn náà kọ́ ọ ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí ló kọ́kọ́ mọ̀.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń wọlé, ó ti di olórí ètò kan ní Ìdímù, níbi tí yunifásítì kan ṣí ẹ̀ka sí fún àwọn tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ gba dìgírì láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń wá, láti Command, láti Ìkòtún, láti Gowon Estate. Àgbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n sì ní àrùn kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní. Bí olùkọ́ bá ti bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" kíláàsì á hó yèè: "Ó yé wa, sà!" Ẹ má pè é ní irọ́ o. Ìkíni ni. Bí ìgbà tí wọ́n bá bi ẹni tí ibà ń gbọ̀n léèrè pé ara ńkọ́, tó ní "a dúpẹ́" ni. Ta ni yóò wo ojú olùkọ́ rẹ̀ sùn-ùn kó ní gbogbo òógùn tó là láti àárọ̀, kò yé òun? Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Sàúdátù fi òfin de gbólóhùn náà.

"Ẹnikẹ́ni tó bá sọ 'ó yé mi' nínú kíláàsì mi," ó ní, "òun ni yóò gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Kó bọ́ síwájú, kó mú mi rìn ín."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ariwo "ó yé wa" dákẹ́. Orúkọ tuntun sì gbòde: Màmá Mú-mi-rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí àṣẹ fi ti olú ilé yunifásítì dé. Wọ́n ní kí olórí ètò kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó gboyè, bí wọ́n ṣe ń gbé e lé ìwọ̀n, ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí wọn yóò tún ṣe. Àlejò yóò wá wò ó. Ètò tí kò bá yege, kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ètò tí kò gba ènìyàn mọ́, ó ti kú, ìsìnkú rẹ̀ ló kù. Àwọn tíṣà tó ń dúró de àyè wọn lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n padà sílé nìyẹn.

Dókítà Festus, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka Ìdímù, tó tún ń darí ètò ìmọ̀ okòwò fúnra rẹ̀, kọ ìjábọ̀ tirẹ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń ṣe dáadáa, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló yege. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ti Sàúdátù pẹ́. Ó ní ohun mẹ́ta ni tíṣà òun gbọ́dọ̀ lè ṣe: kó kọ́ ọmọ, kó rí ibi tí ọmọ ti ṣìnà, kó sì lè kọ ìbéèrè tí yóò fi ohun tí ọmọ mọ̀ hàn. Ó ní kí olùkọ́ méjì jókòó sẹ́yìn kíláàsì wo akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ láìyọjú wo ti ẹnìkejì. Máàkì wọn kò bára mu. Ìjà dé. Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi fẹnu kò lórí ohun tí "dáadáa" túmọ̀ sí, ohun tí wọ́n ti ń kọ sí ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun méjì àkọ́kọ́ dára. Ẹ̀kẹta kò dára rárá. Sàúdátù sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà Festus kà á, ó bọ́ awò ojú.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ká ṣòkòtò sókè fi egbò han àlejò?"

"Ẹni tó ń wá oògùn ni, Dókítà."

"Ẹ̀ẹ́! Wọ́n á ti ètò yín pa o! Ẹ fi 'dáadáa' sí i jàre, kí gbogbo wa sùn."

"Bí mo bá fi 'dáadáa' sí i, tí wọ́n bá ní kí n mú wọn rìn ín ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ rìn? Mọ́tò ni wọ́n ń gbé bọ̀!"

Sàúdátù kọ̀, kò yí i padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn Dókítà Festus wọra, nítorí òun ni àwọn àlejò máa bá ní ilé.

Ọjọ́ pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Múrítàlá ló ṣaájú àwọn àlejò, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tó ń fi ojúlówó Yorùbá sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó sínú kíláàsì Sàúdátù títí ó fi kọ́ wọn tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Ohun tí màmá kọ́ yín yìí, ṣé ó yé yín?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé wọn kò gbọ́. "Mo ní, ṣé ó yé yín?"

Ẹnìkan wúkọ́. Lẹ́yìn àwọn àlejò, Dókítà Festus bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sókè sódò bí olórí akọrin, kí wọ́n ṣáà dáhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ó bí ẹni ń wo ìran. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa bírò yọ. Nígbà yẹn ni Àdíját, ìyá àgbà kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìdímù níbẹ̀, dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. A ò lè dá ìbéèrè yẹn lóhùn níbí. Wọ́n ti fi òfin dè é."

"Òfin kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣáà ní kí á mú yín rìn ín, a ó mú yín rìn ín kíákíá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwọn tí wọ́n jọ wá. Ó ki bírò bọ àpò, ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì, ó dé e.

"Ó dáa. Ṣé ó jìnnà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú Sàúdátù nìkan ló le koko.

"Kò jìnnà, sà. Ìdí pátákó yìí náà ni. Ẹ lè fi fìlà sílẹ̀."

Àdíját bọ́ síwájú, ó fi Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ọmọ ilé ìwé, ó gé ọsàn kan sí méjì, ó tún gé e sí mẹ́rin, ó fún un ní ẹyọ kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìdá mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ìdajì, mà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í.

Àdíját kò bá a wí. Ó ní kó fi èyí tó kù kún un títí ọsàn yóò fi pé, kó máa kà á bó ṣe ń fi kún un. Ọmọ náà ka ẹyọ mẹ́rin, ó rí àṣìṣe rẹ̀, ó sì jẹ ẹ̀rí náà.

"O káre, ìyá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ń nu ẹnu. "Wá kọ ìbéèrè kan fún mi, tí mo fi lè mọ̀ bóyá ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n."

Àdíját kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó: *Ìyá Táyéwò fún un ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin ọsàn. Ìdá mélòó nínú ọsàn ni Táyéwò gbà?*

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á. Ó tún un kà.

"Ìyá, ta ni yóò gbé òdo nínú ìdánwò yìí? Ewúrẹ́ á yege!"

Àdíját náà kà á, ó dọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Dókítà Festus di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ojú ìwé kẹta, sà," ni Sàúdátù wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìjábọ̀. Ó kà á sókè: "*Wọ́n mọ ọmọ kọ́. Wọ́n ń rí ibi tí ọmọ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń kọ máa ń pọn ìdáhùn rẹ̀ sẹ́yìn.*" Lábẹ́ rẹ̀, ó rí i pé láti sáà tó ń bọ̀, wọn yóò máa gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí kò sí ní kíláàsì, bí ẹni náà bá lè dáhùn rẹ̀, kí wọ́n fà á ya.

Ó pa ìwé náà dé. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìjábọ̀ kiri, èyí ni àkọ́kọ́ tí mo kà tí mo sì fi ojú ara mi rí." Ó yíjú sẹ́yìn. "Dókítà, ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé àwọn tiyín ń ṣe dáadáa. Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Dáadáa ni, sà."

Àyè tuntun ṣí fún ètò Sàúdátù, àwọn tíṣà tó ń dúró sì wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí Dókítà Festus lọ tún tirẹ̀ kọ.

Dókítà Festus kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ó rí ohun tó wà lọ́jà: àléébù ni wọ́n ń rà. Kí ló dé tí ti Sàúdátù fi máa jẹ́ ẹyọ kan, tí tirẹ̀ kò ní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀? Ó kọ ọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun kò mọ ìṣirò, wọn kò mọ èrè yàtọ̀ sí àdánù, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá, ó fi kún un pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn àgbà olú ilé yunifásítì má baà rò pé ó bù mọ́ ọn, ó ní kí gbogbo kíláàsì wá kọ orúkọ sísàlẹ̀ láti fi jẹ́rìí pé òótọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́, gbogbo wọn, orúkọ tiwọn àti ti bàbá, kedere.

Ó gbé e wá bá Sàúdátù, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kó bá òun wò ó bóyá àléébù náà tó. Sàúdátù kà á dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà, ó ní òun á ronú sí i. Ó ṣì ń ronú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ bá a dá sí i: àléébù yẹn, ṣé ó tó?