Òkú Kì Í Dáná

Òórùn ọ̀dà ló jí mi. Nígbà tí mo máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà ti gun àpótí, wọ́n ti ká ìró wọn sókè, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ògiri yàrá tí a máa ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ẹní tuntun wà ní kíká lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi wọ́n pé àlejò wo ló ń bọ̀.

"Ìyàwó bàbá àgbà rẹ ni," wọ́n ní, bí ẹni tó ń rán mi níyọ̀.

Ìkirè là ń gbé, létí títì, níbi tí ìyá àgbà ti ń dín dòdò tí gbogbo ayé fi mọ ìlú wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíì ìbá kó dànù, ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Di òní, bí òórùn epo gbígbóná bá kan imú mi, àárò ẹ̀yìnkùlé yẹn a máa sọ mí. Bàbá àgbà a jókòó síbẹ̀, wọn a mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo jù sẹ́nu, yóò jó wọn, wọn a sì tún mú òmíràn. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì gan-an.

Ní ọdún yẹn, ẹsẹ̀ bàbá àgbà ò kúrò ní ọ̀nà Àpòmù mọ́. Wọ́n ní kókó làwọn ń lọ wò. Mi ò tíì rí kókó tó ní kí èèyàn fín lọ́fínńdà kó tó wá wo òun. Nígbà tí ìyá àgbà bi wọ́n, wọn ò jiyàn, ẹ̀sìn ni wọ́n gbé e gbà.

"Mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa láyè. Mi ò dẹ́ṣẹ̀."

"Ẹ ò dẹ́ṣẹ̀ lóòótọ́," ni ìyá àgbà fèsì. "Ẹ mú un wálé, kí n da omi sí i lẹ́sẹ̀."

Omi tí a ń dà sẹ́sẹ̀ ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń wí. Ọjọ́ kejì ni ìyá àgbà fi ọ̀dà kun yàrá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ló di àwáwí lẹ́nu bàbá àgbà: kí òjò dá ná, kí kókó tà ná. Ọ̀dà gbẹ, òjò dá, kókó tà, ìyàwó ò dé. Ìyá àgbà ní bóyá ojú ló ń ti ọmọ náà. Wọ́n pọ́n dòdò sínú ewé, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a wọkọ̀ lọ sí Àpòmù láti lọ pè é fúnra wa.

Àwọn ará Àpòmù tó mọ bàbá àgbà ló júwe ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún wa. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àga fún wa, ó ti ń dúpẹ́ dòdò kó tó mọ ẹni tí a jẹ́. Ìyá àgbà sọ fún un pé àwọn ni ìyàwó Alhaji ti Ìkirè.

"Ìyàwó wo, Màmá?" Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n ní ìyàwó àwọn ti kú. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń bá wọn tọrọ àforíjì fún un, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí sàréè rẹ̀ fẹ̀."

 "Àmín," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ọlọ́run á gbà á."  Obìnrin náà bú sẹ́kún, ìyá àgbà ló sì ń tù ú nínú pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ bisikíìtì tó fún mi.

Nírọ̀lẹ́, bàbá àgbà dé, wọ́n wẹ̀, wọ́n jókòó de oúnjẹ. Àdògán tutù. Ìyá àgbà ń nu ewé.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Òkú kì í dáná."

Bàbá àgbà ṣí fìlà. 

"Kì í ṣe pé mo ń fẹ́ ikú rẹ," wọ́n ní. "Tí mo bá jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ ni mò ń rí nídìí epo yẹn. Oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Ìgbà tí mo sọ pé o ti kú lara tó tù mí. Mo tiẹ̀ ròyìn rẹ dáadáa fún un."

"Ẹ ṣeun. Iwájú rẹ̀ lẹ ti pa mí. Ẹ padà lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ jí mi."

Ẹjọ́ ò tán lọ́jọ́ yẹn. Gààrí ni bàbá àgbà ń fúnra wọn rẹ mu, wọ́n ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá yà pé ọkùnrin làwọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n lọ sí Àpòmù láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Wọn ò pẹ́ kí wọ́n tó dé.

"Mo ti sọ fún un pé o wà láàyè."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹni tó lè sin ìyàwó rẹ̀ láàyè, òun náà ò ní pẹ́ kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má wá mọ́."

Ìyá àgbà ṣáná sí àdògán. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò bú bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí àwọn méjèèjì tó tún máa bára wọn ṣàwàdà.

Nígbà tí ìyá àgbà wá kú lóòótọ́, mo ti wà nílé ọkọ. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń bi bàbá àgbà bóyá òótọ́ lọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́. Bàbá àgbà a la ẹnu, wọn a pa á dé. Wọ́n fọwọ́ pè mí.

"Ìwọ bá mi sọ ọ́ fún wọn," wọ́n ní, omijé ń bọ́ lójú wọn. "Èmi ti fi irọ́ ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́."

Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé. Ó dùn mí fún ìyá àgbà, ó sì dùn mí fún bàbá àgbà pẹ̀lú.

Níbi iṣẹ́ mi, àwọn ọkùnrin a máa jókòó tì mí láti ṣàlàyé bí ìyàwó àwọn ò ṣe rí tàwọn rò mọ́, tó fi di pé àwọn ń lọ síbòmíràn. Mi kì í bá wọn jà. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé kí ni ìyàwó wọn ń ṣe nílé lásìkò yìí. Púpọ̀ nínú wọn a wo aago.