Ọmọláńgidi Tí Kò Lójú

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi rán aṣọ ìbùsùn tó ya àti ẹ̀wù àwọn aláìsàn ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan kò sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́-ò-sọnù. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kò gbà láti jókòó lásán; ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjákù aṣọ funfun rán ọmọláńgidi. Kì í tà wọ́n. Ó kàn ń tò wọ́n sórí pẹpẹ tó dojú kọ fèrèsé ni.

Ìlànà wà fún un. Èkíní, orí, èkejì, àyà àti ikùn, tí yóò ki òwú sí pinpin, ẹ̀kẹta, apá àti ẹsẹ̀, ẹ̀kẹrin, irun, ẹ̀karùn-ún, ẹnu àti imú, ẹ̀kẹfà, tí í ṣe ìkẹyìn, ojú. Bọ́tìnì dúdú méjì ni ojú, inú agolo bisikíìtì ni ó sì ń kó wọn sí. Kì í ro ẹni tí òun fẹ́ rán. Ọwọ́ ni yóò máa lọ. Bí iṣẹ́ bá dé orí imú ni yóò tó rí i pé ẹni tí òun mọ̀ ló ń bọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́ jọ onígbàjámọ̀ ojúlé kejì. Ọjọ́ kẹfà tí ó fún un lójú, onígbàjámọ̀ kú. Èkejì jọ aṣọ́nà ilé ìwòsàn: ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀kẹta jọ ọkọ rẹ̀: ọjọ́ kejì. Abẹ́rẹ́-ò-sọnù kì í ṣe ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ti rán ẹ̀wù aláìsàn tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ẹni tó ń lọ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Síbẹ̀, ejò kì í buni jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a ṣì máa pè é ní okùn.

Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé orí imú, aṣọ ṣẹ́po lókè ibi tí ojú òsì yóò wà, bí àpá. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ àpá náà. Ẹsẹ̀ máṣíìnì ìránṣọ ìyá wọn ni àbúrò rẹ̀ ṣubú lé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Máṣíìnì yẹn kan náà ló dá wọn níjà: nígbà tí ìyá kú, ẹ̀gbọ́n gbé e lọ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, ọdún mẹ́sàn-án sì rèé tí ọmọ ìyá méjì kò kí ara wọn.

Kò lè tú u ká. Ta ni í tú ọmọ ìyá rẹ̀ ká? Ó gbé e sórí pẹpẹ láìlójú, ó sì pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà títí láé. Àbúrò náà kò kú. Ọkàn ẹ̀gbọ́n balẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àbúrò ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Ṣé àyè ìjókòó wà, àbí máṣíìnì ló jókòó sórí àga?"

"Ẹnu ẹ ò tíì kú. Wọlé. Kí ló dé tó o fi ń fọwọ́ wá ògiri?"

"Ojú ni. Dókítà mẹ́ta ló ti wò ó, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Àfi bíi pé wọ́n ta aṣọ funfun bò mí lójú. Oṣù kẹta rèé." Ilé ìtẹ̀wé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń wá àṣìṣe inú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ti ní kí n lọ jókòó sílé. Tí mi ò bá lè kàwé mọ́, kí ló kù tí mo lè ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n wo orí pẹpẹ. Ó gbé ọmọláńgidi náà lé àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ gbogbo, láti orí onígbàjámọ̀ dé orí ọkọ rẹ̀. Ìka àbúrò ń rìn lójú aṣọ títí ó fi kan àpá.

"Ẹ gbé máṣíìnì, ẹ tún gbé ojú mi."

"Mi ò fẹ́ kó o kú ni. Ṣé kí n fi sí i?"

"Ẹ ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè. Ẹ fi sí i."

Ó rán bọ́tìnì ọ̀tún. Bí ó ti já òwú, àbúrò yí orí sí fèrèsé.

"Aṣọ pupa wo lẹ sá síta yẹn?"

Ẹ̀gbọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó tó. Ọ̀kan tó." Àbúrò kò bá a jiyàn. Bọ́tìnì kejì padà sínú agolo, ẹ̀gbọ́n sì fi okùn di ọmọrí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ kọjá, oṣù kẹjọ kọjá. Àbúrò kó wá síbẹ̀, ó ń fi ojú kan wá àṣìṣe, ó sì ń fi máṣíìnì ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń tú okùn wo bọ́tìnì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, okùn wà ní dídì, bọ́tìnì kò sí nínú agolo. Ó ka abẹ́rẹ́ rẹ̀: ọ̀kan dín. Ó lọ síbi pẹpẹ. Bọ́tìnì wà lójú òsì, òwú ẹyọ kan ló dì í mú, abẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ dirodiro ní ìdí òwú.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

Àbúrò jókòó ti fèrèsé, ó ń kàwé. "Èmi kọ́. Mo rò pé ẹ̀yin ni. Àtìgbà tí mo jí ni mo ti ń fi méjèèjì ríran."

Ẹ̀gbọ́n mú sísọ́ọ̀sì. "Ṣé kí n gé e?"

Àbúrò gbé ojú méjèèjì sókè wò ó, ó wò ó dáadáa, bí ẹni tí kò rí i fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ jẹ́ kí n ka ojú ewé yìí tán ná."

Abẹ́rẹ́-ò-sọnù fa àga, ó jókòó tì í, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé ẹsẹ̀, ó sì ń retí kí àbúrò ṣí ojú ewé tó kàn.