Ìrora Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé

Fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń kọ sínú ìwé Bàbá Délé: kò sí ìrora. Èmi ni nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn ìjọ wa ní Kàbbà máa ń rán lọ wo àwọn aláìsàn nínú ilé wọn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí Ayéwa lọ wò ó.

Káfíńtà ni. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ti já bọ́ nígbà tí wọ́n ń kan páànù tuntun, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́ láàárín èjìká méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n láti àyà dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹ bá gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ sínú báàgì tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga onítáyà rẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ẹsẹ̀ tí kò mọ abẹ́rẹ́ mọ́ ṣì lè máa jóni bí iná, nítorí pé iṣan tó ti bàjẹ́ a máa rán iṣẹ́ èké lọ sínú ọpọlọ. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí mo bá ti wọlé tí mo kí i bí wọ́n ṣe ń kíni lágbègbè wa pé, "Okun o, Bàbá, ara ńkọ́?" ohun tó máa ń sọ ni, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, Sístà." Onígbàgbọ́ ni èmi náà. Ọpẹ́ rẹ̀ a máa dùn mọ́ mi, mà á sì kọ ọ́ pé kò sí ìrora. Dókítà ka ìwé mi, ó dín oògùn tó ń pa ìrora iṣan rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dá a dúró. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe yẹn ti wá.

Nígbà tó pé ọdún kan tó ti já bọ́, ìjọ rẹ̀ ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún ìdúpẹ́. Bàbá Délé fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Wọ́n pè mí, wọ́n sì fún mi ní àyè níwájú. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ ní agbádá funfun, ó gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ.

Bí wọ́n ti ń kọrin, mo rí i tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Arábìnrin tó jókòó tì mí sọ pé Ẹ̀mí ti bà lé e, orin sì ròkè sí i. Ṣùgbọ́n ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì di apá àga mú gírígírí. Alùfáà na máìkì sí i, kò lè gbà á. Mo dìde lọ bá a.

"Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?"

"A dúpẹ́, Sístà." Ó pa eyín pọ̀ sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, mi ò béèrè ọpẹ́. Ibo ló ń dùn yín?"

Ó wo alùfáà, ó wo àwọn ènìyàn. "Orí mi fẹ́ là."

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ sókè bẹ́ẹ̀, bí nǹkan kan bá ń ni ín lára nísàlẹ̀ tí kò mọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru lójijì débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ á bẹ́ lórí. Díákónì méjì ti gbá a lápá mú, wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, torí ìdùbúlẹ̀ á tún mú ẹ̀jẹ̀ náà ru sí i.

"Sístà, aláìsàn kì í jókòó," ọ̀kan nínú wọn sọ.

"Eléyìí á jókòó ni, sà."

Mo tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, mo tú okùn ṣòkòtò rẹ̀. Mo wá báàgì, kò sí níbi tí mo máa ń so ó mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Délé, sọ sí mi létí pé òun ti fi í pamọ́ sábẹ́ itan rẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà rí ìtọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan náà. Rọ́bà ti ká sí méjì, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ti jókòó lé e láti ilé wá.

Mo na rọ́bà náà. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo tún nà án, mò ń pe Jésù lábẹ́ ètè. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ ya, báàgì sì wú lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ìjọ. Díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ tú kúrò lára àga. A gbé e lọ sí Kàbbà ní ìjókòó, nígbà tí dókítà máa fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ń wálẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ti padà sílé, mi ò béèrè pé ara ńkọ́ mọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ni ìrora kò jẹ́ kí ẹ ṣe lánàá?"

Ó sọ pé láti ọ̀sán lọ, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ki ẹsẹ̀ òun bọ epo gbígbóná, pé òun kò lè fá pákó kan ṣoṣo bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òun le, pé aṣọ ìbora ni òun máa ń ki bọ ẹnu kí ìyàwó òun má baà gbọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á mọ́.

"Orí òrùlé ilé Ọlọ́run ni mo ti já bọ́," ó ní. "Bí mo bá ń ké, kí ni àwọn tí kò tíì gbàgbọ́ yóò sọ?"

Ìyá Délé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iṣu tó ń bẹ lọ́wọ́. "Èmi ńkọ́? Èmi náà kò tíì gbàgbọ́ ni?"

"Ìwọ ni ò ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé Olúwa kò gbọ́ tìrẹ."

"Olúwa gbọ́, Bàbá Délé. Èmi ni ẹ kò jẹ́ kí n gbọ́."

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ lọ́jọ́ náà. Dókítà dá oògùn rẹ̀ padà, a sì jọ ṣètò ọjọ́ rẹ̀: iṣẹ́ pákó láàárọ̀ kí iná ẹsẹ̀ tó dé, ìsinmi lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa yí i padà lórí ibùsùn. Ìbéèrè nípa ohun tí ìrora kò jẹ́ kí aláìsàn ṣe lánàá ni mo ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun títí di òní, mo sì ń dúpẹ́ pé Olúwa jẹ́ kí n kọ́ ọ kó tó pẹ́ jù.

Ìrora náà kò lọ, mi ò sì ní parọ́ pé ó lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Délé ti ń kan àpótí ìjókòó báyìí, ó sì máa ń tà wọ́n dé Mọ̀pà. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí iná náà dé, á fi irin iṣẹ́ sílẹ̀, á pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn á sì wá jókòó tì í títí yóò fi rọlẹ̀.