Ilé Aláǹtakùn Lábẹ́ Bálà

Burulayi Jabate kò fọkàn tán ilé-ìwé. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí olùkọ́ kan ní ìlú Kita nà án nítorí pé ó ń fi ọwọ́ lu tábìlì bí ẹni ń lu bálà, ohun èlò orin onígi pẹlẹbẹ tí àdó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti tẹ ibẹ̀ mọ́. Ó ti di arúgbó kí ọ̀gá tuntun tó wà níbẹ̀, Mamari Tunkara, tó wá bá a nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá fi bálà yín han àwọn ọmọ wa."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Kí wọ́n kàn mọ̀ ọ́n ni."

"Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ni kó wá ṣẹlẹ̀?"

Tunkara rẹ́rìn-ín. Burulayi kò rẹ́rìn-ín. Ó wádìí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rí ìdí rẹ̀: ilé-ìwé ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ lórin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹni méjì ni yóò sì lu tirẹ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ọ̀kan. Ẹnì kejì ni Siriman, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi dùùrù oníná ṣeré níbi ìgbéyàwó. Bọ́tìnnì kan wà lára dùùrù náà tí wọ́n ní ó ń dún bíi bálà.

Bọ́tìnnì yẹn ló mú Burulayi gbà. Ìdílé arókin ni wọ́n, bàbá rẹ̀ ló fi bálà náà lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ wa góòlù ní Kéniéba, kò sì sí èyí tó lè lu igi mẹ́ta tẹ̀léra nínú wọn. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò bá gbà á, inú yàrá rẹ̀ ni bálà náà yóò kú sí.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló gbé e lọ. Òjò dé, Tunkara sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ó ka àdó abẹ́ rẹ̀, ogún pé. Ó fa àgádágodo wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìfura loògùn àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ti jókòó pìtìmù. Burulayi lu igi àkọ́kọ́. Kó! Ó lu òmíràn. Kó! Bí ìgbà tí ọmọ odó bá kan ẹnu odó. Kíkùn yunmuyunmu tó máa ń tẹ̀lé e kò sí níbẹ̀.

Ó yí i dojú bolẹ̀. Àdó kọ̀ọ̀kan ló ní ihò kékeré létí, awọ funfun tí aláǹtakùn fi ń bo ẹyin rẹ̀ mọ́ ara ògiri ni wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò náà. Òun ló ń kùn. Ẹyọ kan ṣoṣo kò kù.

Siriman dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń tú wáyà rẹ̀, ó ń súfèé.

"Siriman, ibo ni ohùn bálà ti ń jáde?"

"Lára igi náà ni, Bàbá. Àbí ibòmíràn tún wà?"

Burulayi wo ojú rẹ̀ títí. Ẹni tí kò mọ ibi tí ohùn ń gbé, báwo ni yóò ṣe jí i? Ó yí sí Tunkara.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi àti Sitan tó ń gbálẹ̀."

Burulayi gbé imú sí àdó kan. Ọṣẹ ń ta sánsán níbẹ̀.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tí Sitan fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Jabate! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́? O gbé ohun tí aláǹtakùn kọ́lé sí wá síwájú ọmọ ọlọ́mọ! Ọpẹ́lọpẹ́ mi tí mo bá ẹ fọ̀ ọ́ lánàá!"

Burulayi ṣí ẹnu láti jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé Kone ni Sitan, ìdílé Jabate kì í sì í bínú sí ìdílé Kone. Èébú ẹ̀wà àti ti ẹrú ni wọ́n jogún láti fi bá ara wọn ṣeré. Ẹni tó bá bínú ló dójú ti bàbá rẹ̀.

"Kone, ajẹ̀wà! Ẹ̀wà ló dí ẹ lójú!"

"Mo jẹ ẹ̀wà, mo sì yó. Ìwọ ẹrú mi ńkọ́?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Burulayi ṣàlàyé awọ náà fún wọn: funfun, pẹlẹbẹ, bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n tú jáde, wọ́n wo gbogbo ògiri ilé-ìwé, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Sitan ti gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan, Nasira, nawọ́.

"Bàbá, ó pọ̀ nílé ìdáná Ìyá wa Sitan. Mo máa ń rí i tí mo bá lọ ra àkàrà ọkà."

"Háà! Agbálẹ̀ ilé onílé!" ni Burulayi kígbe. Sitan fi ìgbálẹ̀ bojú.

Wọ́n kó ogún ó lé mẹ́ta wá. Burulayi gbé e síwájú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ju mẹ́fà nù, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹ̀fun ló lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ di àdó mú, ó ń fi oje igi lẹ awọ náà mọ́ ojú ihò wọn. Nígbà tó kan Siriman, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó dún dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò gbé orí sókè kúrò lábẹ́ bálà. Nígbà tí Burulayi wá lù ú, àdó mẹ́tàdínlógún ló kùn bí oyin tó wọ ilé, mẹ́ta dákẹ́.

Tunkara ní kí àwọn ọmọ nawọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ́. Burulayi ka ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì tún un kà; òun ni wọ́n yàn.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ilé mi ni kí wọ́n ti máa wá kọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni."

Ó gbé bálà rẹ̀ sórí. Lẹ́nu ọ̀nà ó dúró ti Sitan.

"Kone, mo bẹ̀ ẹ́, àdó mẹ́ta ló kù tí kò ní awọ. Má gbá ilé ìdáná ẹ o."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ gbá a?"